Ọwọ́ Mọ Gìtá, Ojú Mọ Ìwé: Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ tó Fẹ́ Fi Orin Ṣiṣẹ́

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa máa ń gbé ìbéèrè méjì wá bá mi. Èkíní ni pé, "Bàbá, ohun èlò orin wo ni kí n kọ́?" Èkejì ni pé, "Báwo ni mo ṣe lè rí ẹni tí yóò gbé orin mi jáde?" Ẹni tó bá béèrè èkíní kì í sábà béèrè èkejì. Ẹni tó fẹ́ràn ohun èlò máa ń rò pé ọ̀rọ̀ owó yóò yanjú ara rẹ̀ tó bá yá. Ẹni tó ń wá ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé e jáde máa ń rò pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè lù fún òun. Mo kọ àpilẹ̀kọ yìí fún àwọn méjèèjì, nítorí pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè, apá méjì ló ní. Ẹni tó mọ ohun èlò tí kò mọ ìwé àdéhùn, ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ èrè ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé àdéhùn tí kò mọ ohun èlò kò ní ohun tí yóò tà.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá, onígìtá ni mí. Ní ọdún 1969 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ìbàdàn. Mo ti ta gìtá fún ẹgbẹ́ jùjú, mo ti ta á fún ẹgbẹ́ háílàìfù, mo sì ti jókòó ní sítúdíò ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. N kò fìgbà kan jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù. Láti ẹ̀yìn ibẹ̀ ni mo ti rí bí iṣẹ́ yìí ṣe ń rìn.

1. Etí ló ń kọ́ ọwọ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé Àyàn. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń ki oríkì, òun ló ń pa òwe, òun náà ló ń darí àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyáàlù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ìlù kékeré ni wọ́n máa ń fún un, kí ó máa lu ohun kan náà ní àlùtúnlù nígbà tí àwọn àgbà bá ń fọhùn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé wọ́n ń fi ọmọ náà ṣeré. Ọmọ náà ń kọ́ ohun méjì tó ṣòro jù nínú orin: kí èèyàn má yẹ̀ kúrò lójú ìṣísẹ̀ ìlù, àti kí ó máa gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí yóò bá fi gbé ìyáàlù, etí rẹ̀ á ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kí ọwọ́ ṣe.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra gìtá lóde òní máa ń yí ètò yìí po. Ìyáàlù ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbé. Wọ́n á wo fídíò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń sáré lórí okùn, wọ́n á fẹ́ sáré bákan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ṣe ọmọ tó ń lu ìlù kékeré. Ẹ wá orin kan tí ẹ fẹ́ràn, ẹ mú ohun kékeré kan péré nínú rẹ̀, bóyá ìró gìtá tó ń tún ara rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì máa ta á tẹ̀ lé rẹ́kọ́ọ̀dù náà títí tí ẹ kò fi ní mọ ìgbà tí ó parí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ohun kan tí ẹlòmíràn kò ní. Nínú kíláàsì ni wọ́n ti kọ́ yín pé ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ọgbọ́n àtiyege ìdánwò nìyẹn. Ẹ̀kọ́ orin ni. Ẹ jẹ́ ká mú òwe kan wò: *Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.* Ẹ kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní sílébù kọ̀ọ̀kan:

I-lé: re mí
la ti: re re
ń kó: mí mí
ẹ̀-ṣọ́: dò mí
rò-de: dò re

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́ láìsí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gìtá. Tí ẹ bá to okùn rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń tò ó, okùn karùn-ún láti ìsàlẹ̀ ni A, okùn kẹrin ni D. Ẹ tẹ okùn karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, dò nìyẹn. Ẹ ta okùn kẹrin láìtẹ̀ ẹ́, re nìyẹn. Ẹ tẹ okùn kẹrin kan náà ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, mí nìyẹn. Ẹ ta òwe náà. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá tó sì mọ òwe náà lè dá a mọ̀ láìjẹ́ pé ẹ la ẹnu.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí. Nínú *ẹ̀ṣọ́*, ohùn kì í fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni fo àtẹ̀gùn. Ó máa ń gun òkè lọ. Onídùndún mọ èyí: yóò fi ọwọ́ fún ọsán ìlù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ohùn náà lè gun òkè. Píánò kò lè ṣe é, nítorí pé bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Gìtá lè ṣe é: ẹ tẹ dò lórí okùn karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kí ẹ sì wọ́ ìka yín lórí okùn kan náà lọ sí fírẹ́ẹ̀tì keje. Mí ni ẹ óò bá níbẹ̀. Tí ẹ bá wọ́ ọ dáadáa, gìtá á sọ *ẹ̀ṣọ́* bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí àwọn onígìtá jùjú ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí, tí àwọn olùgbọ́ fi máa ń sọ pé gìtá náà ń fọhùn.

2. Ohun èlò wo ni kí n kọ́?

Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ kọ́ èyí tí ẹ lè fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Ẹni tó yan píánò tí kò sí píánò ní ilé rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàbí ní ọgbà ilé-ìwé ti yan ohun tí kò ní kọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń lu àgbá tàbí tí ìyá rẹ̀ ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nílé ti ní ohun èlò àti olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun èlò tó kéré. Agogo ni gbogbo ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé nínú ọ̀pọ̀ orin wa. Tí alágogo bá ṣìnà, gbogbo agbo ti ṣìnà nìyẹn.

Ní ti bí a ṣe ń kọ́ ọ, ìlànà mẹ́rin ni mo máa ń fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́.

*Ojoojúmọ́ ju púpọ̀ lọ.* Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá sun ohun tí ẹ kọ́ lónìí mọ́jú, ọwọ́ á ti gbà á ju ti àná lọ.

*Ẹ lọ́ra.* Tí ẹ kò bá lè ta ohun kan láìṣìṣe bí ẹni tó ń rìn gbẹ̀rẹ́, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Eré sísá máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ ni, kì í mú un kúrò.

*Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu kí ẹ tó ta á.* Ohun tí ẹnu kò lè kọ, etí kò tíì gbọ́ ọ tán.

*Ẹ mọ ìdí abájọ.* Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé bí mo bá tẹ okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ohùn kan náà ló ń jáde, ṣùgbọ́n tó ga sí i. Ìdí rẹ̀ kò le. Fírẹ́ẹ̀tì kejìlá ló wà ní ìdajì gígùn okùn. Bí okùn bá di ìdajì, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Okùn A tó ń gbọ̀n ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan á di 220. Ẹni tó mọ èyí kò ní máa há ibi tí ó yẹ kí ó tẹ̀ sórí. Á mọ̀ ọ́n láti inú wá.

3. Àwọn tó fi ohun èlò la ọ̀nà

Kò sí èyí tí mo sọ lókè yìí tí àwọn aṣáájú wa kò ti fi ara wọn hàn. I. K. Dairo mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Ohun èlò òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ó fi í kọ orin tí ìyá arúgbó ní Ìjẹ̀ṣà gbọ́ tó sì jó. Ní 1963, ìjọba Ìlú Ọba fi oyè MBE dá a lọ́lá. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù mú gìtá onírin tí àwọn ará Hawaii ń ta wọ inú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, ohùn rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti ìlù bí ẹni pé ilé Àyàn ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

Tony Allen kò bẹ̀rẹ̀ sí lu dírọ́ọ̀mù títí ó fi pé ọdún 18, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Ó tẹ́tí sí àwọn onílù Amẹ́ríkà bíi Max Roach àti Art Blakey, ó sì da ohun tó gbọ́ pọ̀ mọ́ ìlù tó ti wà létí rẹ̀ nílé. Láti ibẹ̀ ni ìlù Afrobeat ti jáde. Fẹlá náà, fèrè kàkàkí òyìnbó ni ó lọ kọ́ ní Trinity College of Music ní London ní 1958. Nígbà tí Igo Chico tó ń fọn sakisofóònù fún un kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 1973, Fẹlá fúnra rẹ̀ gbé sakisofóònù, ó sì kọ́ ọ. Ní ọdún náà kan náà ni ó gbé àwo *Gentleman* jáde. Ó ti mọ orin tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ló ku kí ó kọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ìwúlò gbogbo èyí nígbà tí kọ̀ǹpútà lè pèsè ìlù, gìtá àti fèrè. N kò bá kọ̀ǹpútà jà. Mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní sítúdíò ni pé bí àwọn ọmọ mẹ́wàá bá ń lo ohùn kan náà láti inú ẹ̀rọ kan náà, ẹni tó lè mú gìtá kí ó ta ohun mẹ́jọ péré tí kò sí nínú ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa ń pè padà. Kò sì sí iná tó lè lọ kí agogo má dún.

4. Bí ọjà orin ṣe yí padà lójú mi

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yìí, àwo ńlá ni ọjà. EMI, Decca àti Philips ní iléeṣẹ́ níbí. Sítúdíò EMI tó wà ní Àpápá ni Paul McCartney ti wá gbohùn sílẹ̀ ní 1973. Ẹgbẹ́ jùjú lè fi ojú kan àwo kọ orin kan láìdánudúró. Olórí ẹgbẹ́ á bọ̀wọ́ sí ìwé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́, àwa tó wà lẹ́yìn á gba owó iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Kásẹ́ẹ̀tì rọrùn láti gbé, ó sì rọrùn láti dà kọ. Àwọn ayédèrú gba ọjà. Nígbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí náírà sì ń wálẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ra ohun èlò láti òkè òkun gbówó lórí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè fi ọjà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn oníṣòwò Alábà àti Ìdúmọ̀tà sì di ẹni tí olórin ń lọ bá. Òde àríyá ló gba ọ̀pọ̀ wa là. Ẹni tó bá mọ ohun èlò lè jẹun lọ́jọ́ Sátidé yálà àwo tà tàbí kò tà. Owó tí wọ́n ń ná lé olórin lórí kò ní ayédèrú.

Fóònù ló wà lórí oyè báyìí. Spotify wọ Nàìjíríà ní 2021. Ẹnikẹ́ni lè gbé orin síta láti inú yàrá rẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kì í gba kọ́bọ̀ nínú owó ìpín wọn. Ọ̀nà àbáwọlé ti fẹ̀, ṣùgbọ́n onílẹ̀kùn ṣì wà.

Ohun kan ni kò yí padà láti ìgbà àwo títí di ìgbà fóònù: ẹni tó ni ìwé ló ni owó. Ní 1979, àwa méje wọ sítúdíò fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ṣẹ̀dá ìró gìtá tó ṣí ojú kìíní àwo náà. Bí wọ́n ṣe san owó fún wa lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wa lẹ́yìn páálí àwo náà. Bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é nígbà náà ni. Ó lé ní ọdún 20 kí n tó rí àwo kan náà tí wọ́n tún tẹ̀ ní òkè òkun, lórí páálí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni téèpù náà ti tà á. Orúkọ wa kò sí níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Nínú àwa méje, àwa méjì ló kù láyé. Ẹni tó lu kóńgà fún wa wà lórí àìsàn fún ọdún mẹ́ta, àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ la ń dá owó oògùn rẹ̀ jọ, nígbà tí ìlù rẹ̀ ń dún ní ilé ijó ní ìlú tí kò dé rí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú gìtá.

5. Ohun ìní méjì ló wà nínú orin kan

Ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Orin kan ṣoṣo ní ohun ìní méjì nínú. Èkíní ni orin náà fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní màsítà. Ẹ lè ni èkíní kí ẹ má ni èkejì. Bí olórin mẹ́wàá bá gbohùn orin yín sílẹ̀, orin kan ni, màsítà mẹ́wàá ni.

Òfin Kọ́píráìtì ti 2022, tí Ààrẹ bọ̀wọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo méjèèjì. Ẹ̀tọ́ lórí orin wà títí ẹni tó kọ ọ́ á fi kú, á sì wà fún ọdún 70 sí i. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ-ọmọ yín lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí màsítà jẹ́ ọdún 50. Kò di dandan kí ẹ lọ forúkọ orin sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ tó jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá ti ṣẹ̀dá rẹ̀ tí ẹ sì gbà á sílẹ̀ tàbí kọ ọ́ sílẹ̀, ó di tiyín. Ẹni tó bá sì sọ pé ẹ ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún òun pátápátá gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹnu lásán kò tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe àti oríkì kọrin, ẹ ṣọ́ra níbí. Òwe kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn kò sì lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tó jẹ́ tiyín ni ọ̀nà tí ẹ gbà tò ó àti ohùn tuntun tí ẹ fi sí i.

Àwọn àgbà wa mọ èyí kí òfin tó dé ibi tó dé lónìí. Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀ kí olórin lè jẹ́ oní-ǹkan. Nígbà tó di 1979, Haruna Ìṣọ̀lá kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ìlú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdéhùn King Sunny Adé dé ilé-ẹjọ́ ní àárín àwọn ọdún 1970, ó sì dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún un. Island Records gbé *Juju Music* jáde fún un ní 1982, *Synchro System* ní 1983, *Aura* ní 1984. Lẹ́yìn mẹ́ta yẹn, àdéhùn náà parí. Olórin mìíràn ì bá ti parí pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọjà àti ilé-iṣẹ́ nílé tó lè padà sí. Tony Allen ẹ̀wẹ̀, tó wà lẹ́yìn Fẹlá láti 1964, kúrò ní 1979. Ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó lé e lọ.

6. Ìṣirò tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ jẹ́ ká ní ilé-iṣẹ́ kan fún yín ní 1,000,000 náírà. Inú yín dùn. Nínú ìwé, ìpín yín jẹ́ 30 nínú 100, a ó sì yọ owó tí wọ́n fún yín nínú ìpín yín kí ẹ tó gba kọ́bọ̀. Orin náà wá pa 2,000,000 náírà. Ìpín ilé-iṣẹ́ jẹ́ 1,400,000. Tiyín jẹ́ 600,000, ṣùgbọ́n wọ́n á mú un fún gbèsè. Owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ ti di 2,000,000 gédégédé, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ná. Ẹ̀yin ṣì jẹ gbèsè 400,000. Bí ẹ bá sì san gbèsè náà tán lọ́jọ́ kan, màsítà ṣì jẹ́ tiwọn. Ó dà bí ẹni tó san owó ilé tán, tí ilé kò di tirẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ má bá ilé-iṣẹ́ dòwò pọ̀. Àwọn kan wà tó ń ṣe dáadáa, wọ́n sì ń ná owó tí olórin kò ní. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú bírò lórí ìwé kí ẹ tó bọ̀wọ́ lu ohunkóhun. Kí ẹ sì béèrè ohun márùn-ún yìí:

1. Ta ni yóò ni màsítà, fún ọdún mélòó? Ǹjẹ́ yóò padà sọ́wọ́ mi?
2. Ǹjẹ́ wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí orin tí mo kọ, tàbí lórí ohùn tí mo gbà sílẹ̀ nìkan?
3. Èwo nínú owó tí wọ́n bá ná ni wọ́n yóò kà sí gbèsè lọ́rùn mi? Fídíò ńkọ́? Aṣọ ńkọ́? Ọkọ̀ ńkọ́?
4. Ǹjẹ́ wọ́n yóò gba nínú owó òde àríyá mi pẹ̀lú?
5. Lọ́jọ́ wo ni àdéhùn yìí yóò parí, ta ni ó sì lè dá a dúró?

Ẹ gbé ìwé náà fún amòfin tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ní ọgbà yunifásítì, ẹ̀ka òfin kò jìnnà sí yín. Ẹni tó ní kí ẹ bọ̀wọ́ lù ú lálẹ́ yìí kí àǹfààní má baà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ kò fẹ́ kí ẹ kà á ni.

Ohun kékeré mìíràn tún wà tí ẹ lè ṣe láìsí amòfin. Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí orin kan, kí ẹ tó kúrò ní sítúdíò, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sí i, ohun tí oníkálukú ṣe, àti ìpín tí ẹ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Kí gbogbo yín bọ̀wọ́ lù ú, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ gba nọ́ńbà ISRC fún màsítà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà oní-àmì 12 tí wọ́n fi ń dá ohùn kọ̀ọ̀kan mọ̀ níbikíbi láyé. Ẹ wọ ẹgbẹ́ agbowó-orí-orin tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń lo orin yín lè mọ ẹni tí wọn yóò san owó fún.

Bí ẹ bá sì di olórí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ rántí àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ onígìtá. Ẹ kọ orúkọ alágogo. Kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ yóò fi mọ̀ pé bàbá òun ló ṣe é.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Yan òwe kan tí kò ju sílébù 12 lọ. Kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní dò re mí, kí o sì fi ohun èlò tó bá wà nítòsí rẹ sọ ọ́. Kí ẹnìkejì rẹ sọ òwe tí ó gbọ́.
2. Níbo nínú òwe náà ni ohùn ti gun òkè tàbí wálẹ̀ láàárín sílébù kan? Kí ni ohun èlò rẹ lè ṣe nípa rẹ̀, kí ni kò lè ṣe?
3. Tún ìṣirò apá kẹfà ṣe, kí ìpín olórin jẹ́ 50 nínú 100. Ẹ̀mélòó ni orin náà gbọ́dọ̀ pa kí gbèsè tó tán?
4. Wá àwo orin Yorùbá àtijọ́ kan nínú ilé yín. Ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Orúkọ àwọn wo ló wà níbẹ̀? Àwọn wo ni o gbọ́ ohùn ohun èlò wọn tí orúkọ wọn kò sí? Bí àgbàlagbà kan bá wà nítòsí tó mọ̀ wọ́n, bi í léèrè, kí o sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.